Èwo Ni Ìbejì, Èwo Ni Ọmọ Agboolé?

Ojú ọ̀run ni a ó máa wò nínú ètò tòní, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ibi kéékèèké mélòó kan ni mo fẹ́ ká jọ fojú sí, níbi tí ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ti ṣù jọ sójú kan. A ó máa pe irú ìkórajọ bẹ́ẹ̀ ní agbo ìràwọ̀. Nínú agbo wọ̀nyí, ẹni tó bá fara balẹ̀ wò yóò rí méjìméjì tó fara ti ara wọn, bóyá pẹ̀lú ojú lásán, bóyá pẹ̀lú bínókúlà, bóyá pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn kékeré. Àwọn méjìméjì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa.

Inú ìkùukùu gáàsì kan náà ni àwọn ìràwọ̀ agbo kan ti jáde, àkókò ìbí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ẹ fi wọ́n wé àwọn ọmọ agboolé kan. Bí àlejò bá dé, tó rí ọmọ méjì tó dúró pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé ìbejì ni wọ́n. Wọ́n lè jẹ́ ìbejì lóòótọ́. Wọ́n sì lè jẹ́ ọmọ ilé kan náà tí wọ́n kàn ń kọjá lọ. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ lè jẹ́ ọmọ aládùúgbò tó yà kí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìràwọ̀ méjì nínú agbo. Bí òòfà bá so wọ́n pọ̀ tí wọ́n ń yí ara wọn po, ìbejì ni wọ́n. Bí wọ́n bá jẹ́ ti agbo kan náà ṣùgbọ́n tí oníkálùkù ń bá tirẹ̀ lọ, ọmọ agboolé ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá sì wà níwájú tàbí lẹ́yìn agbo náà pátápátá, tó kàn jẹ́ pé ìlà ojú wa ló pa wọ́n pọ̀, aládùúgbò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ jáde sí gbangba, kí ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀pọ̀ yín ló ti mọ̀ wọ́n láti kékeré. Ẹ fi ojú fa ìlà láti ara wọn lọ síhà àríwá ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó kan ìràwọ̀ ńlá kan tó pọ́n díẹ̀. Aldebaran ni orúkọ rẹ̀. Àwọn kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àpapọ̀ wọn ya lẹ́tà V sójú ọ̀run, ni agbo Hyades. Bí ẹ bá tún tẹ̀síwájú lórí ìlà yẹn, ẹ ó bá ìdì ìràwọ̀ kékeré kan tó ṣù mọ́ra. Ìyẹn ni Pleiades. Ẹni tó bá ti ka Ìwé Jóòbù nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́ ti pàdé rẹ̀ níbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí sì ń sọ ọmọbìnrin ní orúkọ rẹ̀ lédè Lárúbáwá, ìyẹn Suraya.

Aldebaran ni aládùúgbò àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹni tó bá wò ó á sọ pé òun ni olórí agbo Hyades. Irọ́ ni. Ìrìn tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní odidi ọdún kan ni wọ́n ń pè ní ọdún ìmọ́lẹ̀ kan. Nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 65 ni Aldebaran fi jìnnà sí wa. Hyades ní tirẹ̀ jìnnà ju 150 lọ. Aldebaran kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà sí agbo tó dà bíi pé ó ń ṣe olórí fún.

Ní ẹsẹ̀ V yẹn kan náà, láàárín Aldebaran àti ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé, ìràwọ̀ kan wà tí ojú tó bá mú dáadáa yóò rí i pé méjì ni. Theta Tauri ni wọ́n ń pè é. Bí ojú kò bá ran yín lọ́wọ́, bínókúlà tó kéré jù lọ yóò ràn yín lọ́wọ́. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú méjèèjì funfun, ìkejì rẹ̀ sì ní àwọ̀ òféfèé díẹ̀. Ọmọ Hyades ni àwọn méjèèjì.

Kí a tó tẹ̀síwájú, a nílò òṣùwọ̀n. Ẹ mú fífẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 1,800. Ìdá kan nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn àlàfo láàárín ìràwọ̀ méjì, èmi yóò sì máa pè é ní ìdá lásán. Àlàfo àwọn méjì Theta Tauri tó nǹkan bí ìdá 337, èyí tí kò tó ìdámárùn-ún òṣùpá. Ìyẹn ni ojú lásán ṣe lè yà wọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ni pé èyí tó funfun nínú wọn, tó dá dúró gedegbe lójú wa, òun gan-an ni ìbejì! Ìràwọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń yí ara wọn po ní nǹkan bí ọjọ́ 141. Kò sí awò ẹ̀yìnkùlé kankan tó lè yà wọ́n. Nítorí náà, méjì tí a rí kò fi ara wọn hàn bí ìbejì, ẹyọ kan tí a rí sì jẹ́ méjì. Láti ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti má máa fi ojú nìkan ṣèdájọ́ ọ̀rọ̀ agbo ìràwọ̀.

Kí wá ló ń sọ òtítọ́? Ìrìn ni. Gbogbo ọmọ agbo kan ń rìn lọ síbì kan náà pẹ̀lú ìwọ̀n eré kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá yàtọ̀ kì í ṣe ọmọ ilé. Àwọn ìbejì á máa bá ilé rìn, wọ́n á sì tún máa yí ara wọn po lórí ìrìn náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wọn irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan ti fi ìṣirò dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Àlùfáà ìjọ ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Michell ni orúkọ rẹ̀. Ní 1767 ó bi ara rẹ̀ pé: bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fọ́n ìràwọ̀ sójú ọ̀run láìwo ibi tí wọ́n bọ́ sí, báwo ni yóò ṣe rọrùn tó kí mẹ́fà tó mọ́lẹ̀ jù nínú Pleiades bọ́ sójú kan náà? Ó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 500,000 ni. Ó ní nígbà náà, kì í ṣe kòńgẹ́. Ó wá mú ọgbọ́n yẹn lọ sórí àwọn ìràwọ̀ méjìméjì tó wà káàkiri ọ̀run, ó sì sọ pé wọ́n ti pọ̀ jù fún kòńgẹ́, pé púpọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ so mọ́ra ní tòótọ́. Michell kú ní 1793 láìrí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni William Herschel, olórin tó di onímọ̀ ìràwọ̀, kéde pé òun ti rí i pé àwọn kan nínú wọn ń yí ara wọn po, Castor sì wà lára wọn.

Mo fẹ́ràn ìṣirò Michell, àmọ́ ẹ má lò ó nínú agbo. Níbi tí ìràwọ̀ kò bá pọ̀ sí, ó ṣòro kí méjì ṣèèṣì sún mọ́ra. Nínú agbo tí ìràwọ̀ ti há gádígádí, ìṣèèṣì ọ̀hún rọrùn. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé inú agbo ni iṣẹ́ ìràwọ̀ méjìméjì ti gba sùúrù jù.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Pleiades. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀ ni Alcyone, bínókúlà yóò sì fi kéékèèké mẹ́ta hàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣe igun mẹ́ta. Atlas àti Pleione wà ní ìpẹ̀kun kan, àlàfo wọn tó ìdá 300. Taygeta ní ọmọ kékeré kan lẹ́bàá rẹ̀ tí ẹ ó nílò awò láti rí. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ni Asterope, tó jẹ́ méjì, tí àlàfo wọn sì tó nǹkan bí ìdá 150. Ẹ gbé awò sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọ wọ́n kí wọ́n lè gba àárín kọjá, kí ẹ wá fọwọ́ kúrò pátápátá. Ayé ń yí, nítorí náà wọ́n á máa sún lọ fúnra wọn. Nígbà tí èkíní bá kan etí awò tó sì wọ̀, ẹ tẹ aago orí fóònù yín. Nígbà tí ìkejì bá wọ̀, ẹ dá a dúró. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 8 ni yóò jẹ́. Níbi tí Pleiades wà, ìràwọ̀ ń sún tó nǹkan bí ìdá 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ ti mọ bí àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Àlàfo tòótọ́ ju ìyẹn lọ díẹ̀, torí pé èkíní tún wà síhà àríwá ju ìkejì lọ. Èyí tó kọ́kọ́ wọ̀ ni ó wà níhà ìwọ̀-oòrùn. Ẹ ti wọn ìràwọ̀ láìra ẹ̀rọ kankan kún èyí tí ẹ ní.

Ọ̀rọ̀ Atlas gbòòrò ju ti gbogbo wọn lọ. Ní 1997, iṣẹ́ sátẹ́láìtì Hipparcos tí àwọn ará Yúróòpù fi sójú òfúrufú jáde, ó sì sọ pé nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 385 ni Pleiades fi jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà. Ìṣirò tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ sún mọ́ 430. Ẹ lè ní kí ni ìyàtọ̀ kékeré yẹn já mọ́. Bí a kò bá mọ bí ìràwọ̀ kan ṣe jìnnà tó, a kò lè mọ bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó ní ti gidi, Pleiades sì wà lára àwọn agbo tí wọ́n fi ń díwọ̀n àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà jù ú lọ. Bí 385 bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ohun tí a mọ̀ nípa bí ìràwọ̀ ọ̀dọ́ ṣe ń jó ní àléébù.

Ìbejì ló tú u. Atlas tí a ń rí bí ẹyọ kan, méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń yí ara wọn po ní ọjọ́ 291, àlàfo wọn kò sì tó ìdá kan tí a tún pín sí ọ̀nà 70. Àwọn onímọ̀ so ìmọ́lẹ̀ tó gba awò tó jìnnà síra wọlé pọ̀ kí wọ́n tó lè yà wọ́n. Bí a bá mọ bí òbìrí tí ìbejì ń tọ̀ ṣe tóbi tó ní ti gidi, tí a sì wọn bí ó ṣe kéré tó lójú wa, jíjìnnà rẹ̀ ti di ìṣirò lásán. Ní 2004, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì tẹ èsì tiwọn jáde lórí Atlas: láàárín ọdún ìmọ́lẹ̀ 430 sí 450. Sátẹ́láìtì Gaia tó tẹ̀lé Hipparcos náà bá wọn sọ ọ́ nígbà tó yá, pé nǹkan bí 440 ni.

A kò lè ya Atlas láti ẹ̀yìnkùlé wa. Síbẹ̀, àwọn tó ń wo ìràwọ̀ fún ìgbádùn lásán ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mú irú ìbejì bẹ́ẹ̀. Òṣùpá a máa gba iwájú Pleiades kọjá nígbà mìíràn. Òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́ lára, nítorí náà ìràwọ̀ tó bá bò á kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ méjì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè kọ́kọ́ dín, kó tó wá kú. Ọ̀pọ̀ ló ń fi kámẹ́rà fídíò ká ìgbà náà sílẹ̀, torí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí oṣù kẹta bá wọlé, ẹ kúrò lọ́dọ̀ Pleiades, ẹ wá agbo Praesepe. Ó wà láàárín ìràwọ̀ Castor àti Pollux ní apá kan, àti ìràwọ̀ Regulus ní apá kejì. Èéfín funfun díẹ̀ ni ojú lásán máa rí níbẹ̀, níbi tí kò sí iná ìgboro. Galileo dojú awò kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1610 pé ìràwọ̀ tó lé ní 40 ló wà níbẹ̀. Bínókúlà yín lónìí yóò bá a dọ́gba, bí kò bá tilẹ̀ jù ú lọ. Ní àárín rẹ̀, mẹ́ta kan wà tó ṣe igun mẹ́ta, tí wọ́n ń fi orúkọ Burnham pè. Akọ̀wé kóòtù ni Sherburne Burnham ní Chicago, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án tó sì ń wo ìràwọ̀ lóru. Awò rẹ̀ kò ju ínǹṣì mẹ́fà ní fífẹ̀, òun ló sì fi rí méjìméjì tó ju 400 lọ tí ẹnikẹ́ni kò rí ṣáájú rẹ̀, lára àwọn tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti wò kọjá.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa wo ẹyọ kan péré ní Praesepe, ẹ wo 39 Cancri àti 40 Cancri. Àlàfo wọn tó nǹkan bí ìdá 150, bínókúlà yà wọ́n wẹ́rẹ́. 39 ní àwọ̀ òféfèé, 40 funfun báláú. Ọmọ agbo náà ni àwọn méjèèjì. Àṣírí ibẹ̀ ni pé ìràwọ̀ tó bá wúwo, tó funfun bẹ́ẹ̀, a máa yára jó epo inú rẹ̀ tán. Agbo yìí ti lo ọdún tó lé ní mílíọ̀nù 600. Ìràwọ̀ tó wúwo bí 40 ì bá ti wú, kó sì ti pọ́n tipẹ́, bí 39 ṣe ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ gbà jù lọ fún irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé ìbejì ni tẹ́lẹ̀: ó fa gáàsì ìkejì rẹ̀ mu, tàbí kí méjèèjì yọ́ sínú ara wọn, kí epo tuntun sì wọ inú rẹ̀. Ẹ wò ó, méjì tí a yà pẹ̀lú bínókúlà kì í ṣe ìbejì, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn jọ ohun tó kù lára ìbejì mìíràn.

Ẹni tó bá ní awò awọ̀nàjíjìn, kódà kó jẹ́ ti mìlímítà 60, iṣẹ́ tó dára jù fún un ni agbo M47. Ẹ mọ Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ òru lọ. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ellis kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Yorùbá ní 1894 pé ìràwọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí àwọn atukọ̀ ń wò ó. Ẹ lọ síhà ìlà-oòrùn rẹ̀, fífẹ̀ ìka mẹ́ta àárín ìlọ́po méjì àti díẹ̀ bí ẹ bá na apá tán, ẹ ó bá agbo náà. Ní àárín rẹ̀ ni méjì kan tí onímọ̀ ìràwọ̀ tó ń jẹ́ Struve kọ sílẹ̀ ní Dorpat, ìlú tó ń jẹ́ Tartu ní Estonia lónìí, nínú ìwé rẹ̀ ti 1827 tó kó méjìméjì tó lé ní 3,000 jọ. Àlàfo àwọn méjì yìí kò ju ìdá 7 àti ààbọ̀ lọ. Bínókúlà kò lè yà wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ lo lẹ́ńsì tó sọ nǹkan di ńlá díẹ̀, kí ẹ rí gbogbo agbo, kí ẹ wá yí i sí ìlọ́po 50 tàbí 60. Wọ́n á pín sí méjì, àwọ̀ wọn bára mu, ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní jíjìnnà tí agbo náà jìnnà, nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 1,600, ìdá 7 àti ààbọ̀ yẹn ju ìlọ́po 3,000 àlàfo ayé sí oòrùn lọ. Bí wọ́n bá ń yí ara wọn po, ẹgbẹẹgbàárùn-ún ọdún ni yóò gbà wọ́n. Ẹ má retí pé ẹ ó rí i.

Fífẹ̀ awò ló ń pinnu ohun tí ó lè yà. William Dawes, òun náà àlùfáà, fi ìlànà kan sílẹ̀: ẹ pín 116 pẹ̀lú fífẹ̀ awò yín ní mìlímítà. Awò 60 yóò ya ohun tó sún mọ́ ìdá méjì, awò 100 yóò ya ìdá kan àti díẹ̀. Ìyẹn ní alẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ o. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa jẹ ìmọ́lẹ̀ àwọn kéékèèké. Alẹ́ tó tẹ̀lé òjò, nígbà tí ìkùukùu bá ti kúrò, ló dára jù. Pleiades á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí wa gan-an, nítorí náà ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ fi oògùn ẹ̀fọn para. Kí ẹ tó gbé ohun gígùn dúdú lọ sórí òrùlé ní aago mẹ́wàá òru, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún onílé àti àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò.

Mo fi èyí tí àwọn ará wa ní London kò lè rí sẹ́yìn. Ní ìhà gúúsù, agbo kan wà tó ń jẹ́ NGC 2516. Ní Ìbàdàn, ó ń gòkè tó nǹkan bí ìdámẹ́rin ọ̀nà láti ilẹ̀ sí àtàrí, ní ìrọ̀lẹ́ oṣù kejì àti ìkẹta. Ní London kì í yọ rárá. Ní Salvador ní Bahia, ó ń gòkè ju tiwa lọ. Ìràwọ̀ pupa kan wà nínú rẹ̀, méjìméjì mẹ́ta sì wà káàkiri àárín rẹ̀ tí awò kékeré lè yà, méjì nínú wọn jẹ́ èyí tí John Herschel, ọmọ William, kọ sílẹ̀ nígbà tó wà ní Cape Town láti 1834 sí 1838. Ẹ wá ibi tí igi tàbí ilé kò ti dí gúúsù, kí òṣùpá má sì sí lókè. Bí ẹ bá ti rí pupa yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn mẹ́ta náà láti ibẹ̀.